Bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì, Èkó sí Atlanta: kí la ó jẹ, kí la ó mu, báwo la ó ṣe sùn?

Àrẹ̀mú_Àkúté

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ilé-iṣẹ́ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bísínẹ́ẹ̀sì fún èmi àti ọ̀gá mi, Èkó sí Atlanta tààrà, alẹ́ la ó gbéra. Ọ̀gá mi ní ìtọ̀ ṣúgà, wọn kì í sì í fẹnu kan ọtí. Èmi máa ń mu wáìnì díẹ̀. Irú ìjókòó wo ni ká yàn? Kí ló dáa láti bèèrè nínú oúnjẹ wọn? Báwo la ó ṣe sùn tí a ó fi lè wọ ìpàdé lọ́jọ́ tí a bá dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n máa gbádùn ara mi o. Ẹ là á yé mi.

Ìjókòó_A

Ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Ẹ lè pààrọ̀ oúnjẹ lókè, ìjókòó ò ṣeé pààrọ̀ tí bàálù bá ti kún. Ẹ wo irú bàálù tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì yín, A330 ni àbí A350 àbí 777, kí ẹ wá lọ sórí ìkànnì AeroLOPA kí ẹ wo àwòrán bí ìjókòó ṣe tò nínú bàálù náà. Àwòrán tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù fi ń ta ìjókòó kì í sábà fi hàn pé ògiri lásán ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó kan, pé kò ní fèrèsé rárá. Ti AeroLOPA máa ń fi hàn.

Ètò 1-2-1 ló wọ́pọ̀ nísinsìnyí: ẹnì kan lẹ́bàá fèrèsé, ẹni méjì láàárín, ẹnì kan lódìkejì. Kálukú ló ní ọ̀nà tirẹ̀ jáde. Tó bá jẹ́ 2-2-2 lẹ bá, ẹ má jókòó sẹ́bàá fèrèsé àyàfi tí ẹ bá lè fo ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni kọjá lóru láì jí i.

Ibi tí àwọn èèyàn kì í wò ni àyè ẹsẹ̀. Ìjókòó yẹn máa ń di bẹ́ẹ̀dì tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 195 sí 200, ṣùgbọ́n inú ihò kan lábẹ́ tábìlì ẹni tó wà níwájú yín ni ẹsẹ̀ máa ń wọ̀. Ihò náà há. Ẹni tó bá ga, àti ẹni tó máa ń fẹ̀gbẹ́ sùn tó ń ká orúnkún, á máa fi eékún gbá igi títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìlà àkọ́kọ́, tí ògiri wà níwájú rẹ̀, ló sábà máa ń ní ihò ẹsẹ̀ tó fẹ̀ jù lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ara ògiri yẹn náà ni wọ́n ń so bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ mọ́ nínú àwọn bàálù kan, ó sì lè sún mọ́ ibi tí àwọn olùtọ́jú èrò ti ń ṣètò oúnjẹ: iná, ìlẹ̀kùn kẹ̀kẹ́ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ sísọ. Tí ẹ ò bá ga, ẹ lọ sí àárín kábíìnì, ìlà mẹ́ta ó kéré tán sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti sí kíṣìnnì.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Kí n fi díẹ̀ kún ti Ìjókòó_A. Àwọn bàálù kan wà tí ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé wọn kò tò gba ojú kan. Ní ìlà kan, ìjókòó á sún mọ́ fèrèsé, tábìlì á sì dá yín sí lọ́dọ̀ àwọn tó ń rìn kọjá. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e, ìjókòó á sún síta sí ọ̀nà, tábìlì á wà níhà fèrèsé, gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì á sì máa fi apá kàn yín léjìká. Owó kan náà ni wọ́n ń gbà fún méjèèjì! Ẹ wo àwòrán náà dáadáa, kí ẹ mú èyí tó sún mọ́ fèrèsé.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti ọ̀gá yín fẹ́ sọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìjókòó méjì àárín dáa, pátákó kan sábà máa ń wà láàárín tí ẹ lè fà sókè nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Àmọ́ ní tòótọ́, ta ló fẹ́ kí ọ̀gá máa wo òun bí òun ṣe ń hanrun?

Ẹ padà wo ìjókòó yín ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìrìnàjò. Wọ́n máa ń pààrọ̀ bàálù, tí wọ́n bá sì ti pààrọ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbé yín sí ibi tó bá wù ú.

Alásè_Òkè

Kí a tó dé orí mẹ́nù, ó yẹ kí ẹ mọ bí oúnjẹ yẹn ṣe ń dé iwájú yín. Kò sẹ́ni tó ń dáná lókè. Ilẹ̀ ni wọ́n ti sè é, nílé ìdáná tó wà nítòsí pápákọ̀. Wọ́n á mú un tutù kíákíá títí á fi bọ́ sí nǹkan bíi 5°C, wọ́n á tò ó sínú abọ́, wọ́n á gbé e wọ bàálù nínú kẹ̀kẹ́ tó tutù. Lẹ́yìn tí bàálù bá ti gbéra, wọ́n á tì í sínú ààrò oníná mànàmáná tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Oúnjẹ tó bá lè gba atẹ́gùn gbígbóná yẹn láì gbẹ ni kí ẹ yàn.

Èyí túmọ̀ sí pé ohun tó ní ọbẹ̀ lára ni kí ẹ mú. Ẹran màlúù tí wọ́n sè pẹ́ nínú omi rẹ̀, itan adìyẹ, ẹran àgùntàn tó ti rọ̀, gbogbo ìwọ̀nyí kì í bàjẹ́ tí a bá tún gbé wọn kaná. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dùn sí i. Àyà adìyẹ máa ń gbẹ. Ẹja ọlọ́ràá bíi salmon ń fara dà á, ẹja funfun pẹlẹbẹ máa ń le. Sítéèkì ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù: ẹ ò lè ní kí wọ́n má jẹ́ kó jinná púpọ̀, torí wọ́n ti sun ún nílẹ̀, ààrò òkè á sì tún sun ún lẹ́ẹ̀kejì.

Ìrẹsì funfun náà máa ń gbẹ. Ẹ wo etí abọ́ tí wọ́n bá ṣí fóìlì orí rẹ̀: hóró tó wà létí á ti gbẹ, á ti funfun kọjá ti àárín, tí ẹ bá fi fọ́ọ̀kì kàn án á dún. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ síí jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bu omi ọbẹ̀ sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi fóìlì bò ó padà fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Jọ̀lọ́ọ̀fù ò ní wàhálà yẹn tó bẹ́ẹ̀, nítorí òróró àti tòmátì ti bo hóró rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín náà máa ń gbóná dáadáa tí ọ̀rinrin rẹ̀ ò sì ń lọ. Dòdò ni ká má tan ara wa lórí rẹ̀. Á rọ̀, á tutọ́ òróró. Ní ti àárọ̀, ẹyin díndín ni mo máa ń ní kí èèyàn yẹra fún, ó máa ń fà bíi rọ́bà. Ẹ gba yógọ́ọ̀tì, èso àti búrẹ́dì gbígbóná.

Ohun kejì ni ẹnu yín fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an, ọ̀rinrin inú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì dà bí ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Imú máa ń gbẹ, òórùn oúnjẹ ò sì dé ibi tó yẹ kó dé. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer ti Jámánì ṣe fún Lufthansa ní 2010 fi hàn pé iyọ̀ máa ń dín lẹ́nu ní nǹkan bí ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣúgà ní nǹkan bí ìdá 15 sí 20. Ariwo ẹ́ńjìnnì náà ń dá kún un. Ní 2015 àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Cornell rí i pé ariwo irú ti inú bàálù máa ń dín adùn ṣúgà kù lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń mú kí adùn umami, èyí tó wà nínú tòmátì, olú, ẹran àti wàràkàṣì tó ti gbó, hàn sí i. Ìdí nìyí tí àwọn tí kì í mu omi tòmátì nílé fi ń bèèrè fún un lókè.

Àwa tí ọbẹ̀ wa jẹ́ tòmátì, tàtàṣé, irú, edé àti panla, umami yẹn náà la ti ń jẹ láti kékeré. Tí ẹ bá rí ohunkóhun lórí mẹ́nù tó ní ọbẹ̀ ata tàbí ọbẹ̀ tòmátì, òun ni kí ẹ mú, ì báà jẹ́ ti Naìjíríà, ti Íńdíà tàbí ti Ítálì. Ẹ fi ọbẹ̀ funfun oníwàrà sílẹ̀. Á tẹ́ lẹ́nu.

Ata gígún gbígbẹ, nǹkan bíi ṣíbí tíì méjì nínú ọ̀rá kékeré, ẹ mú un dání. Iyọ̀ ló ń dín lẹ́nu, ata ṣì ń ta. Ata olómi nínú ìgò gbọ́dọ̀ wà nínú ike tí kò ju mìlílítà 100 lọ. Ẹ̀yin tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, ohun lẹ́búlẹ́bú tó bá ju mìlílítà 350 lọ nínú ẹrù ọwọ́ á jẹ́ kí wọ́n fa yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà ẹ fi àpò èlùbọ́ sínú ẹrù ìsàlẹ̀.

Alhaji_Ọ̀nà_Jíjìn

Máṣàállà, Alásè. Ìbéèrè kan: MOML, oúnjẹ àkànṣe ti Mùsùlùmí, ńkọ́? Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló ń kọ ọ́ sínú tíkẹ́ẹ̀tì láì ronú.

Alásè_Òkè

Alhaji, ó kù sí irú ilé-iṣẹ́ bàálù tí ẹ wọ̀. Lórí Qatar àti Emirates, kò sí ìdí láti kọ MOML, torí gbogbo ẹran tí wọ́n ń gbé síwájú yín ló jẹ́ halal. Lórí ti Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù, ẹ kọ ọ́ tí ẹ ò bá fẹ́ iyè méjì, nítorí wáìnì máa ń wà nínú ọbẹ̀ ẹran wọn, wọn kì í sì í fìgbà gbogbo kọ ọ́ sórí mẹ́nù. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń fi sílẹ̀: ẹni tó bá ti kọ oúnjẹ àkànṣe, tíréè tirẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé wọ bàálù fún un. Kò ní oríṣi mẹ́ta mẹ́rin tí àwọn yòókù ń yàn nínú rẹ̀, àyàfi tí ti ẹlòmíràn bá ṣẹ́kù. Ẹ kọ ọ́ ní wákàtí 24 ṣáájú ó kéré tán. Ti àwọn Júù, KSML, máa ń gbà tó wákàtí 48 lọ́dọ̀ àwọn kan.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Àrẹ̀mú, ní ti ọ̀gá yín. DBML ni oúnjẹ onítọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n níwájú bàálù, ní bísínẹ́ẹ̀sì, mi ò rò pé ó tọ́ sí wọn, àyàfi tí dókítà bá ní dandan ni. Ohun tó sábà máa ń dé ni àyà adìyẹ gbígbẹ, ẹ̀fọ́ bíbọ̀ àti èso. Kí wọ́n yàn lórí mẹ́nù gidi: ẹran tàbí ẹja tó ní ọbẹ̀, kí wọ́n ní kí wọ́n fi sàláàdì tàbí ẹ̀fọ́ rọ́pò ìdajì ìrẹsì, kí wọ́n fi wàràkàṣì parí i dípò kéèkì. Omi ọsàn tí wọ́n máa ń gbé kiri nígbà tí èrò ń wọlé ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Omi lásán wà lórí tíréè kan náà.

Ibi tó léwu nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Tó bá jẹ́ ínsúlínì tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá ni wọ́n ń gún, kí wọ́n má gún un nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé oúnjẹ ń bọ̀. Kí wọ́n dúró títí abọ́ á fi wà níwájú wọn. Oúnjẹ máa ń dé ní nǹkan bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn tí bàálù bá gbéra, ṣùgbọ́n tí ojú ọ̀run bá dàrú, awakọ̀ á ní kí àwọn olùtọ́jú èrò jókòó, oúnjẹ á dúró, ṣúgà ara wọn á sì máa lọ sílẹ̀. Kí súwíìtì glúkóòsì wà lápò wọn, kì í ṣe nínú ẹrù tó wà lókè orí. Ínsúlínì ò gbọ́dọ̀ lọ sínú ẹrù ìsàlẹ̀, òtútù ibẹ̀ lè bà á jẹ́. Kí ìwé dókítà wà pẹ̀lú rẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni Èkó fi ṣáájú Atlanta nígbà ooru wọn, mẹ́fà nígbà òtútù. Dókítà wọn ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa pín ínsúlínì ọlọ́jọ́-gbọọrọ sí i, kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó kúrò nílé.

Àti ẹ̀yin méjèèjì: ní gíga yẹn, afẹ́fẹ́ inú ikùn máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ̀wà, kábéèjì, mínírà ẹlẹ́rìndòdò, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀wà rírò kó tó lọ sí pápákọ̀, gbogbo kábíìnì ni yóò bá a pín in.

Ọlọ́tí_Ìlúpéjú

Ó kan wáìnì. Ohun tí Alásè sọ nípa imú gbígbẹ, ó ń ṣe wáìnì ju oúnjẹ lọ, torí òórùn ló pọ̀ jù nínú adùn wáìnì. Lókè, òórùn èso inú rẹ̀ á lọ sílẹ̀, kíkan rẹ̀ àti líle rẹ̀ tó máa ń fa ahọ́n pọ̀ á wá yọ jáde. Wáìnì pupa tó jẹ́ ọ̀dọ́ tó sì le, bíi Cabernet Sauvignon tí kò tíì pẹ́ nínú ìgò, tàbí Barolo, á korò. Èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù, bíi Pinot Noir, lè dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìgò. Ibi tó dáa wà láàárín: Malbec ti Argentina, Shiraz, Grenache, Merlot tó pọ́n dáadáa. Ní ti funfun, Sauvignon Blanc, Riesling àti Chenin Blanc ti South Africa. Òórùn wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìdajì rẹ̀ tó bá lọ, ìdajì tó kù ṣì tó.

Níwájú bàálù, ìgò ńlá mìlílítà 750 ni wọ́n ń bù fún yín, kì í ṣe ìgò kékeré tí wọ́n ń pín lẹ́yìn. Ẹ ní kí wọ́n fi ara ìgò hàn yín, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún yín tọ́ wò nínú oríṣi méjì kí ẹ tó yàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìgò kan ti wà ní ṣíṣí tipẹ́, ti kejì sì jẹ́ tuntun.

Nǹkan méjì ló ń bà á jẹ́ láìjẹ́ ẹ̀bi wáìnì. Àkọ́kọ́, inú kẹ̀kẹ́ tútù kan náà ni pupa àti funfun ń gbé, nítorí náà pupa máa ń tutù jù. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ìdí gíláàsì mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó fẹnu kàn án. Tí ẹ bá gbóòórùn èso ní ìgbà kejì tí ẹ gbé e simú, ó ti tó. Funfun náà, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀. Ìkejì ni ohun tí ẹ fi jẹ ẹ́. Ata tó ta gan-an pẹ̀lú wáìnì pupa tó le, ọ̀rọ̀ ò yé ara wọn. Jọ̀lọ́ọ̀fù olóbẹ̀ ata fẹ́ Riesling tó dùn díẹ̀ tàbí Chenin Blanc, ẹran àgùntàn fẹ́ Shiraz.

Ṣàmpéènì: ẹ mu ún nílẹ̀, kí ìlẹ̀kùn tó tì, tí wọ́n bá ń pín in. Lókè, ìfúnpá afẹ́fẹ́ ti dín kù, gáàsì inú rẹ̀ máa ń tètè sá, adùn kíkan nìkan ló ń kù.

Ìgò tí ẹ bá rà ní dúútì fírì, ẹ má ṣí i nínú bàálù. Òfin Amẹ́ríkà ò gbà kí èrò mu ọtí tí olùtọ́jú èrò kò fún un.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

@Ọlọ́tí_Ìlúpéjú, ẹ̀kọ́ dáa, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ìyókù. Ní 2024 àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí òfuurufú Jámánì, DLR, fi àwọn ọ̀dọ́ tó lera sùn nínú yàrá tí ìfúnpá rẹ̀ dà bí ti bàálù. Àwọn tó mu ọtí tó tó agolo bíà méjì tàbí gíláàsì wáìnì méjì kí wọ́n tó sùn, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ọkàn wọn ń lù ní nǹkan bíi 88 ní ìṣẹ́jú kan lójú oorun. Ọ̀dọ́ tó lera nìyẹn o. Ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, kí ó má mu ún rárá kó tó sùn.

Ọlọ́tí_Ìlúpéjú

Mo gbà. Àmọ́ kò sọ pé kí èèyàn má tọ́ ọ wò. Gíláàsì kan, mìlílítà 125, pẹ̀lú oúnjẹ, omi ìlọ́po méjì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì tó wákàtí méjì kí a tó sùn.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Wákàtí méjì yẹn ni kò sí lórí bàálù alẹ́ Èkó sí London tí kò ju wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lọ. Lórí ti Atlanta, ẹ lè rí i.

Aláago_Méjì

Àrẹ̀mú, ẹ jẹ́ ká ṣírò ti oorun. Ká sọ pé ẹ gbéra ní agogo 11 alẹ́ Èkó nígbà ooru Amẹ́ríkà. Agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ni ní Atlanta. Ìrìn náà máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 12 sí 13. Ẹ fi aago yín sí ti Atlanta tí ẹ bá ti jókòó. Oúnjẹ á parí ní nǹkan bí agogo 1 òru Èkó. Ohun tó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n á sùn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á jí ní agogo 7 àárọ̀ Èkó, èyí tó jẹ́ agogo 2 òru Atlanta, ojú wọn á sì là títí ilẹ̀ á fi ṣú lọ́jọ́ kejì. Ẹ gbìyànjú kí ẹ wo fíìmù kan tàbí kí ẹ ṣe iṣẹ́ títí di agogo 2 òru Èkó, tó jẹ́ 9 alẹ́ Atlanta. Ẹ wá sùn títí di agogo 9 tàbí 9:30 àárọ̀ Èkó. Ìgbà yẹn ni oúnjẹ àárọ̀ ń bọ̀, nǹkan bíi wákàtí méjì kí ẹ tó balẹ̀. Wákàtí méje oorun nìyẹn. Tí ẹ ò bá fẹ́ oúnjẹ àárọ̀, ẹ sọ fún olùtọ́jú èrò kí ẹ tó dùbúlẹ̀ pé kí wọ́n má jí yín títí di ìgbà tí ìjókòó gbọ́dọ̀ dìde fún bíbalẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì: ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìbùsùn tín-ín-rín tí wọ́n ń tẹ́ sórí ìjókòó, wọn kì í pín in kiri lórí àwọn bàálù kan àfi tí ẹ bá bèèrè. Bí kò bá sí, ẹ tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan sísàlẹ̀, nítorí oríkèé ìjókòó máa ń gún èèyàn ní ìbàdí. Kábíìnì máa ń gbóná lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ wọ aṣọ fífẹ́lẹ́ sábẹ́. Ẹ di bẹ́líìtì sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe sábẹ́ rẹ̀. Tí iná bẹ́líìtì bá tàn lóru, olùtọ́jú èrò gbọ́dọ̀ rí i, bí kò bá rí i á jí yín.

Orí ihò ẹsẹ̀ tí Ìjókòó_A sọ: ẹ fi ìrọ̀rí kékeré kan sáàárín eékún àti igi.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Òrí! Ike kékeré kan, kò gbọdọ̀ ju mìlílítà 100. Ẹ fi pa ètè, ẹ fi pa ihò imú díẹ̀, ọwọ́ náà. Ìpara inú àpò ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín kò tó nǹkan. Ẹni tó ń lo lẹ́ǹsì ojú, kó yọ ọ́ kó tó sùn.

Ẹ má fi sọ́ọ̀kì wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Omi tó wà nílẹ̀ ibẹ̀, kì í ṣe omi nìkan. Ẹ gbé sílípáàsì dání.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́jú ò ní kí ẹ̀jẹ̀ má dì lẹ́sẹ̀ o. Ìrìn tó bá ju wákàtí mẹ́rin lọ máa ń fi ewu yẹn kún ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì kéré fún ẹni tó lera. Nígbà tí ẹ bá wà lójúfò, ẹ dìde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sí méjì, ẹ rìn dé kíṣìnnì, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè sílẹ̀ bíi ìgbà 20. Ẹni tó ti ní irú rẹ̀ rí, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa sọ́ọ̀kì tó ń fún ẹsẹ̀.

Àrẹ̀mú_Àkúté

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Tíì àti kọfí ńkọ́? Ọ̀gá mi kò lè ṣe láì mu tíì.

Alásè_Òkè

Tíì òkè kò lè dà bíi ti ilé. Ní ìfúnpá bíi ti ẹsẹ̀ bàtà 8,000, omi ti ń hó ní nǹkan bí 92°C, kò dé 100. Kí wọ́n fi àpò tíì sílẹ̀ nínú ife fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n fi àwo kékeré bò ó. Àpò méjì nínú ife kan tún dáa ju kí wọ́n dúró pẹ́ títí tíì á fi tutù. Bàálù tuntun bíi 787 àti A350 máa ń mú ìfúnpá wá sí ti ẹsẹ̀ bàtà 6,000, omi wọn máa ń gbóná díẹ̀ sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ sùn, kí wọ́n mu tíì yẹn kó tó di agogo mẹ́wàá alẹ́ ní láùnjì, kì í ṣe lẹ́yìn oúnjẹ.

Akówáńjẹ_Amsterdam

Fún àwọn tó ń wọ ilé-iṣẹ́ bàálù mìíràn, díẹ̀ péré. Singapore Airlines ní ètò Book the Cook, ẹ lè yan oúnjẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí 24 ṣáájú ó kéré tán, èyí tí kò sí lórí mẹ́nù inú bàálù. Qatar máa ń jẹ́ kí ẹ bèèrè oúnjẹ nígbàkúgbà tó bá wù yín; ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Èkó lóru lè sùn ṣáájú kó tó jẹun. KLM máa ń fún èrò bísínẹ́ẹ̀sì ní ilé kékeré alámọ̀ aláwọ̀ búlúù tí ọtí jìnífà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì máa ń fi tuntun kan kún un ní 7 Oṣù Kẹ̀wàá lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ti kó jọ, kó mú àkọsílẹ̀ èyí tó ní dání, olùtọ́jú èrò á wá èyí tí kò ní fún un.

Alhaji_Ọ̀nà_Jíjìn

Ẹ kìlọ̀ fún Àrẹ̀mú nípa èso. Ápù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fún yín nínú bàálù, ẹ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀ tàbí ẹ fi í sílẹ̀ lórí ìjókòó. Tí ajá àwọn aṣọ́bodè bá bá a nínú àpò yín ní Atlanta tí ẹ ò kéde rẹ̀, owó ìtanràn lè bẹ̀rẹ̀ láti 300 dọ́là. Súyà náà, àti pọ̀ǹmọ́. Wọn ò bìkítà pé ẹ̀bùn fún ẹ̀gbọ́n yín ni.

Àrẹ̀mú_Àkúté

Ó ti yé mi. Ìbéèrè kékeré kan ṣì wà: àwọn nǹkan tí wọ́n ń fún èèyàn nínú bàálù, èwo ni ká mú lọ?

Ìyá_Ìbejì_Houston

Àpò kékeré tó ní búrọ́ọ̀ṣì, ìpara àti ohun ìbòjú, ti yín ni. Aṣọ ìsùn náà, tí wọ́n bá fún yín. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìrọ̀rí àti gbohùngbohùn etí, ti wọn ni. Wọ́n sì máa ń gba gbohùngbohùn padà ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó balẹ̀. Torí náà ẹ mú ti yín dání tí ẹ bá fẹ́ wo fíìmù dé òpin, pẹ̀lú ohun àsomọ́ onímùtí méjì, nítorí ihò ara ìjókòó àwọn bàálù kan kò gba èyí tó jẹ́ ẹyọ kan.